Akẹtẹ̀ Tó Ní Kí Àbúrò Rẹ̀ Bọ́ Sílẹ̀

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò bẹ̀ mí pé kí n bá òun tún orúkọ òun ṣe. Ó ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí n má bu iyọ̀ sí i, kí n má sì yọ egungun inú rẹ̀. Bí inú bá bí yín níbì kan, kò burú. Inú bí èmi náà nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, kí ẹkún tó gba ìbínú náà lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń sin sẹ́ẹ̀lì. Ẹ má fòyà, ọ̀rọ̀ náà kò le. Awọ ara èèyàn bí ẹ ṣe ń wò ó yẹn, ẹyọ kéékèèké tí ojú lásán kò rí ló tò pọ̀ bíi bíríkì ara ògiri. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Inú àwo pẹlẹbẹ kan tó mọ́ gaara ló ti ń sin wọ́n, nínú yàrá ìwádìí kan ní àjà kẹta. Ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó ń pààrọ̀ omi wọn, ó sì ń kà wọ́n bí ẹni ń ka òròmọdìẹ.

Oòrùn ní ìtànṣán kan tí ojú kò rí. Òun ló ń jó sẹ́ẹ̀lì awọ, tó ń ba inú rẹ̀ jẹ́, tó sì lè sọ ọ́ di jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ara ní họ́mọ́ọ̀nù kan, ìyẹn oje tí ara ń sun fúnra rẹ̀, tó máa ń lọ kìlọ̀ fún sẹ́ẹ̀lì awọ pé, "Oòrùn dé o! Ẹ fi àwọ̀ dúdú yín bora, kí ẹ sì tún ibi tó bàjẹ́ ṣe!" Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá wọn fẹ́ mọ̀ ni pé, bí a bá fún sẹ́ẹ̀lì ní họ́mọ́ọ̀nù yìí kí ìtànṣán tó dé, ṣé kò ní dáàbò bò ó?

Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí, obìnrin kúkúrú kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, kọ òfin kan sára ògiri: ÀWO MÉJÌ, INÁ KAN, ỌJỌ́ KAN. Wọ́n ní iná kan tó ń tú irú ìtànṣán yẹn jáde. Àwo tó ní họ́mọ́ọ̀nù àti àwo olómi lásán gbọ́dọ̀ jọ wọ abẹ́ iná náà lọ́jọ́ kan náà, kí èèyàn lè fi ọ̀kan wé èkejì. Kí wọ́n tó tan iná, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ kékeré kan wọn agbára rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

"Iná yìí máa ń darúgbó," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń wí. "Ẹ óò rí i tó ń tàn, ẹ óò rò pé koko lara ẹ̀ le, agbára sì ti lọ."

Kí ló wá kan obìnrin yìí nínú ọ̀rọ̀ oòrùn? Àbúrò rẹ̀ ni.

Àfín ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Àwọn méjèèjì péré ni ìyá wọn bí, bàbá wọn sì ti kú tipẹ́. Ẹyẹlé ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin náà nínú ilé. Irun rẹ̀ funfun, awọ rẹ̀ funfun, ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò mọ́, torí kò sẹ́ni tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Aránṣọ ni ìyá wọn. Láti ìgbà tí Ẹyẹlé ti ń rákòrò ni ìyá ti ń rán akẹtẹ̀ aláṣọ fún un, èyí tí etí rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó ń ṣíji bo èjìká. Ọdọọdún ló ń fi téèpù wọn orí ọmọ náà, tí á rán tuntun. "Oòrùn kì í ṣọ̀rẹ́ ẹ," ni ìyá máa ń wí. "Tó bá rẹ́rìn-ín sí ẹ, má dá a lóhùn."

Ẹyẹlé di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ń di ìwé pọ̀ ní ilé ìtẹ̀wé. Iṣẹ́ abẹ́ òrùlé ni. Ṣùgbọ́n eré sísá ló gbà á lọ́kàn. Ẹgbẹ́ asáré kan wà ládùúgbò tí wọ́n máa ń pàdé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ṣì mú. Ẹyẹlé kò lè bá wọn sá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń dá sá tirẹ̀, torí akẹtẹ̀ ńlá àti eré kò bára wọn tan. Afẹ́fẹ́ á ti gbé e lọ.

"Àǹtí, ẹ wò ó," ló wí lọ́jọ́ kan, "ẹ̀ẹ̀mejì ni ọlọ́dẹ ti tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú. Ta ló ń dá sáré nínú òkùnkùn tí kì í ṣe olè? Ẹyọ nǹkan kan ni mo fẹ́ láyé yìí. Mo fẹ́ kí ẹlòmíì máa mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá ń ránṣọ.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀ rèé. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ lọ sípàdé àwọn onímọ̀ ní ìlú òkèèrè, ó sì ní kí obìnrin yìí parí iṣẹ́ ọjọ́ mọ́kànlá tó kù. Nígbà tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó àwọn àwo náà sí, sẹ́ẹ̀lì ìdajì àwo ti bu. Èyí tó kù kò tó àwo méjì lójúmọ́, ó kàn tó àwo kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ará, ṣé kò yẹ kó pe ọ̀gá rẹ̀, kó sọ fún un? Kò pè é. Ó da họ́mọ́ọ̀nù sí gbogbo èyí tó kù. Ti àwo olómi lásán, ó ṣí ìwé oṣù tó kọjá, ó da iye tó wà níbẹ̀ kọ.

"Ṣebí omi lásán ni," ló sọ fún ara rẹ̀. "Kí ló fẹ́ yí padà?"

Bátìrì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná tún ti kú. Ó ní tó bá dọ̀la òun á ra òmíì. Ọ̀la di ọ̀túnla. Fún ọjọ́ mọ́kànlá, agbára iná ti oṣù tó kọjá ló ń dà kọ sínú ìwé. Iná yẹn sì ti darúgbó. Ó ń tàn yanran, ṣùgbọ́n ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ.

Ẹ ti rí i báyìí. Lábẹ́ iná tó ti rẹ̀, bí họ́mọ́ọ̀nù wà bí kò sí, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ni yóò yè. Nínú ọgọ́rùn-ún, àádọ́rùn-ún yè. Ó fi wé ti olómi lásán oṣù tó kọjá, nígbà tí ara iná ṣì le. Ọgbọ̀n péré ló yè nígbà yẹn. Ó fò sókè, ó pariwo débi pé ẹni tó ń nulẹ̀ sáré wọlé wá wò ó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n alára rẹ́rìn-ín nígbà tó dé, tó rí i.

Obìnrin yìí délé, ó sọ fún Ẹyẹlé. Àbúrò rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó ní, "Sẹ́ẹ̀lì ta ni?"

"Ti èèyàn dúdú."

"Ti àfín ńkọ́?"

Ó mọ ìdáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ló ní kí n dúró lé lórí. Ó mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì àfín lè gbọ́ ìkìlọ̀ họ́mọ́ọ̀nù náà, ṣùgbọ́n kò ní àwọ̀ dúdú nílé tí yóò fi bora. Ọkàn rẹ̀ sọ ọ́ fún un kedere. Ó pa ọkàn náà lẹ́nu mọ́. Ó ní ṣebí họ́mọ́ọ̀nù náà tún ń tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, ìyẹn nìkan á tó.

"Ìkan náà ni," ló dáhùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìgò kékeré mẹ́rin nínú fíríìjì ibi iṣẹ́, ó kì wọ́n sínú àpò oúnjẹ rẹ̀. Ó jí i. Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́. Ó pò ó mọ́ ìpara funfun, ó rọ ọ́ sínú ìgò onídèérí búlúù, ó gbé e fún Ẹyẹlé.

"Máa fi pa ojú, etí, ọrùn àti apá. O lè bọ́ akẹtẹ̀."

Ẹyẹlé gba ìgò náà, ó ń yí i lọ́wọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò fi ọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àǹtí, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ẹyin lohùn, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló ti ẹnu rẹ̀ bọ́, kò sì rí i kó títí dòní.

Ẹyẹlé darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ asáré. Kí n má purọ́, inú rẹ̀ dùn bí inú èèyàn ṣe lè dùn tó. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ wò ó, àwọn ogún èèyàn ló ń bọ̀ lójú títì, òun ló funfun láàárín wọn, ó ń pariwo ọ̀rọ̀ sí ẹni tó wà níwájú, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ó ju ọwọ́ sí i bó ṣe ń kọjá. Oòrùn ń ràn sí orí rẹ̀ tí kò ní nǹkan kan.

Ìyá wọn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Akẹtẹ̀ ẹ dà?" ló bi Ẹyẹlé.

"Àǹtí ní kí n bọ́ ọ. Ẹ lọ bá a jà."

Ìyá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó yíjú sí ọmọbìnrin rẹ̀. "Èmi ò kàwé tó ẹ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń rán akẹtẹ̀ yìí, mi ò sì rí egbò lára ọmọ mi. Tó o bá ní kó bọ́ ọ, ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Màmá, iṣẹ́ mi ni. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ìyá fọkàn balẹ̀. Ọmọ tó rán lọ sílé ìwé ni ó ń bá a sọ̀rọ̀, báwo ni kò ṣe ní gbà? Ọdún yẹn ni kò rán akẹtẹ̀.

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ kọjá. Wọ́n ra iná tuntun síbi iṣẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ní kí òṣìṣẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tún iṣẹ́ náà ṣe. Àwo méjì, iná kan, ọjọ́ kan. Ọmọ yẹn ṣe é bí òfin ṣe wí. Olómi lásán, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló yè. Oníhọ́mọ́ọ̀nù, méjìdínlógójì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n pe obìnrin yìí sí ọ́fíìsì. Ìwé iná ló ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò pariwo.

"Wo iye tó o kọ fún ọjọ́ kìíní."

Ó wò ó.

"Wo ọjọ́ kejì. Wo ọjọ́ kẹta. Ọjọ́ mọ́kànlá, iye kan náà, kò fi tíntín yàtọ̀. Iná wo ni kì í rẹ̀?"

Ó ṣí ìwé náà síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn.

"Àwo olómi lásán dà?"

"Mi ò ṣe é, mà. Ti oṣù tó kọjá ni mo dà kọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú. "Họ́mọ́ọ̀nù yẹn ń ṣiṣẹ́ díẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Díẹ̀ yẹn là bá máa gbé lárugẹ jẹ́jẹ́, à bá máa kọ́ lé e lórí. O ti fi irọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá pé a ò tíì fi kan ara èèyàn kankan."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló gún un ní ọkàn. Wọ́n ní kó lọ dúró sílé ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo mọ ohun tí ẹ ń sọ lọ́kàn. Kó sáré lọ bá àbúrò rẹ̀! Kó gbé akẹtẹ̀ lé e lórí lójú ẹsẹ̀! Ohun tí èmi náà pariwo mọ́ ọn nìyẹn.

Kò lọ. Ìtìjú dì í mú. Ìdíje ńlá tí Ẹyẹlé ti ń múra sílẹ̀ fún ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní òun á sọ fún un lẹ́yìn rẹ̀. Ó ra ojúlówó ìpara tí wọ́n fi ń dènà oòrùn, ó dà á sínú ìgò onídèérí búlúù yẹn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, bí ẹni tó ń fi ewé bo ihò àárín ọ̀nà. Ó sọ fún wọn nílé pé ìsinmi lòun gbà.

Ẹyẹlé sá ìdíje náà, ó ṣe ipò kẹfà nínú igba èèyàn. Wọ́n gbé e sọ́rùn. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn? Ọjọ́ yẹn kọjá, òmíràn dé, òun náà kọjá. Oṣù méjì gbáko ló fi di ẹnu.

Ní gbogbo oṣù méjì yẹn, egbò kékeré kan wà lẹ́yìn etí òsì Ẹyẹlé, níbi tí apá awò ojú rẹ̀ máa ń gbé sí. Á ṣẹ̀jẹ̀, á gbẹ, á tún ṣẹ̀jẹ̀.

"Awò yìí ló ń ha mí létí," ló máa ń wí. "Ó ń jowú ẹsẹ̀ mi."

Ìyá ló rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ìrọ̀rí nígbà tó ń fọṣọ. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ní kí àwọn méjèèjì wọ bàtà, ó di ilé ìwòsàn. Bó ṣe ń jáde, ó fa akẹtẹ̀ tó rán kẹ́yìn yọ lára ìṣó, ó mú un dání.

Dókítà yẹ ẹ̀yìn etí náà wò, ó tẹ abẹ́ ọrùn rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìgbà wo ni èyí bẹ̀rẹ̀?"

"Á tó oṣù mẹ́ta."

"Ṣé ẹ kì í dé fìlà ni? Irú yín kò gbọdọ̀ ṣíra sílẹ̀ sí oòrùn."

Ẹyẹlé fi ìgbéraga gbé orí sókè. "Dókítà, èmi ò nílò fìlà. Onímọ̀ ni Àǹtí mi yìí. Họ́mọ́ọ̀nù ló ń fún mi."

Dókítà yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Họ́mọ́ọ̀nù wo?"

Ìyá jókòó sórí àga, akẹtẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ẹyẹlé ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí ẹ̀gbọ́n òun la dókítà lọ́yẹ̀.

"Kò sí họ́mọ́ọ̀nù nínú ìgò yẹn mọ́," ni obìnrin náà wí. "Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò lè gba ojú awọ wọlé. Iṣẹ́ tí mo ṣe lórí ẹ̀, irọ́ ni. Mo ti mọ̀ láti oṣù méjì."

Ẹ̀rín kò kúrò lójú Ẹyẹlé lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Ìyá dìde, ó gbé akẹtẹ̀ náà dé ọmọ rẹ̀ lórí, nínú ilé, lábẹ́ òrùlé, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gé etí náà. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ti wọ ọrùn. "Oṣù méjì sẹ́yìn," ni dókítà wí, "ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀." Kò mọ̀ pé òun ń fi ọ̀bẹ gún ẹnì kan bó ṣe ń sọ ọ́.

Oṣù mẹ́sàn-án ni Ẹyẹlé lò lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ asáré ń wá kí i. Ìyá rán akẹtẹ̀ tuntun fún un, ó fi okùn sí abẹ́ rẹ̀, torí pé fìlà kì í jókòó dáadáa lórí olétí kan. Ẹyẹlé ní òun ti fúyẹ́ sí i, òun á sáré jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín nítorí tirẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ku àwọn méjèèjì nìkan, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí. Lọ́jọ́ tí mo bi yín pé ṣé ó dá yín lójú. Ṣé ó dá yín lójú lóòótọ́?"

"Rárá."

Ó mi orí. "Mo fura. Ẹ yára dáhùn jù." Ó sinmi díẹ̀, torí èémí ti di iṣẹ́ fún un. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Ìyẹn ni mo fi gbà."

Obìnrin náà dojú bolẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù yàrá náà, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹyẹlé kò ní òun dárí jì í. Kò sì ní òun kò dárí jì í. Ó ní kó dìde, kó wá bá òun yí ìrọ̀rí padà. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìyẹn ló kú.

Wọ́n yọ obìnrin náà níṣẹ́. Ó padà sílé ìyá rẹ̀, ó ń bá a lọ aṣọ, ó ń bá a ká etí aṣọ. Ó ní kí n sọ fún yín pé àṣìṣe kọ́ ló pa àbúrò òun. Ó ní èèyàn ń ṣàṣìṣe lójoojúmọ́. Oṣù méjì tí òun fi dákẹ́ ló pa á.

Ìyá rẹ̀ kò bá a jà rí. Kò ṣépè, kò lé e jáde. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń ránṣọ. Akẹtẹ̀ olókùn náà wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó wá bá mi, wọ́n ti múra tán, wọ́n fẹ́ jọ jáde. Ìyá ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé o ti pa áyọ́ọ̀nù?"

"Mo ti pa á, Màmá."

Ìyá dúró. Ó wo ojú rẹ̀ pẹ́.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Kó tó dáhùn, ìyá ti gbé àpò sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó padà wọlé, ó rọra tẹ̀ dé ìdí tábìlì, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan ojú áyọ́ọ̀nù náà. Ó ti tutù.